Òjìji tí ìyá Kúnlé rán wa lọ wò ní Ìgándò

Ẹ̀yin ará ilé, láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ ti ń bi mí pé báwo ni Èkó ṣe rí. Mo ti dá àwọn kan nínú yín lóhùn lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, mo sì rí i pé n kò sọ ọ́ dáadáa. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí. Bí mo bá wọn pákó tí kò bá ibi tó yẹ mu, ńṣe ni mo máa ń tún un wọ̀n. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó láti kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an.

Gbogbo yín lẹ mọ Kúnlé, àkọ́bí mi. Ẹ mọ̀ pé Ìgándò ló wà lọ́dọ̀ Bísí àbúrò mi, níbi tó ti ń ṣe iṣẹ́ wíńdò alumíníọ̀mù, kí àìsàn ọjọ́ mẹ́rin tó mú un lọ. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Èmi àti ìyá rẹ̀ kò sí níbẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ sí níbẹ̀. N kò ní máa kọ́ ẹnikẹ́ni ní Ṣakí ní èyí: òbí tí ọmọ bá kú mọ́ lójú kì í dé ibi tí wọ́n sin ọmọ náà sí, kì í fi ojú kan ilẹ̀ ibẹ̀ títí òun náà yóò fi lọ. Àwọn àbúrò lè lọ. Bàbá àti ìyá kò lè lọ.

Ọdún mẹ́ta ni àwọn ọmọbìnrin mi méjèèjì, Àbẹ̀kẹ́ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún àti Ìbùkún tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, fi ń sọ pé àwọn fẹ́ rí ibi tí ẹ̀gbọ́n àwọn wà. Ọdún mẹ́ta náà ni mo fi ń sọ pé ó di ìgbà mìíràn. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo jẹ́ kó kúrò lójú mi lọ sí Èkó, kò sì padà wá.

Lọ́dún yìí, Bísí pè mí lórí fóònù. Ó ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ní ìtẹ́ òkú àtijọ́ kan, pé ọjọ́ kan wà lọ́dún tí tọkọtaya àti tọmọtọmọ máa ń gbé oúnjẹ lọ síbẹ̀. Wọ́n á ro koríko, wọ́n á rìn yí ká, àgbà kan á sì máa sọ ìtàn àwọn tó wà nílẹ̀ fún wọn. Ó ní apá tuntun ni Kúnlé wà, lẹ́yìn ògiri, nítorí náà mo lè bá wọn dé apá àtijọ́ láìrí ohun tí n kò gbọdọ̀ rí.

Ìyá wọn ní òun kò lè lọ. Ó di ẹrù wa, ó sì fi agbòòrùn méjì lé e, dúdú kan tí mo ti fi wáyà tún egungun rẹ̀ ṣe, àti búlúù kan tó ṣì tuntun. Lẹ́yìn náà ló jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ní ohun kan péré ni òun fẹ́ kí a bá òun wò.

"Ẹ bá mi wò ó bóyá òjìji wà lórí rẹ̀," ó ní. "Ẹ mọ̀ pé bí oòrùn bá ti mú, imú rẹ̀ á máa ṣẹ̀jẹ̀."

Iṣẹ́ tí mo gbé lọ sí Èkó nìyẹn, iṣẹ́ tí n kò lè fi ojú ara mi jẹ́.

Ojú ọ̀nà

N kò ní fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ dá yín dúró. Ohun tí mo rí ni pé àwọn àpáta wa ń kéré lẹ́yìn wa, igi ẹmì ń dín kù, títí tí kò fi sí mọ́. Lẹ́yìn Ṣángo, ilé bẹ̀rẹ̀, kò sì dáwọ́ dúró mọ́. Orí afárá Abúlé Ẹ̀gbá ni Ìbùkún ti bi mí pé níbo ni ìlú náà parí sí. Mo ní n kò mọ̀. Ó tún bi mí pé ẹni tó bá sọnù níbẹ̀ ńkọ́, báwo ló ṣe máa mọ ọ̀nà tí òun máa gbà padà sílé.

Ní gbogbo ibi tí ọkọ̀ bá ti dúró ni mo ti ń ka ohun tí mo kó wá: ọmọ méjì, báàgì mẹ́ta, agbòòrùn méjì. Obìnrin kan tó ń kó gààrí lọ sí Ṣáṣá jókòó tì wá. Ó gbọ́ kíkà náà tó ẹ̀ẹ̀mẹrin. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ó ní, "Bàbá, ẹ kúkú ka èmi náà mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó ń kà mí nílé." Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì kà á mọ́ ọn. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ tó gbé ẹrù rẹ̀, mo wò ó títí tí n kò fi rí i mọ́ láàárín èrò.

Ilẹ̀kùn mẹ́jọ

Yàrá kan àti pálọ̀ ni Bísí háyà, nínú ọgbà tó ní ilẹ̀kùn mẹ́jọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo jáde, mo sì kí àwọn ará ilé bí a ti ń ṣe nílé, láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn mẹ́ta ló dáhùn. Nínú mẹ́ta yìí, méjì ló ní, "Ta lẹ ń wá?" Mo ní n kò wá ẹnì kankan, pé mo kàn ń kí wọn ni. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Bísí, ó rẹ́rìn-ín.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹni tó bá kanlẹ̀kùn kí èèyàn níbí, nǹkan ló fẹ́ tọrọ, jàre."

N kò ní parọ́ mọ́ wọn o. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Bísí gé lára iṣu tí a gbé wá, ó pín in yí ká. Kó tó di ọ̀sán, ọ̀kan nínú àwọn tó bi mí pé ta ni mo ń wá ti dá àwo padà, ó sì ti fi ẹja díndín mẹ́ta sínú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti ń pè mí ní Bàbá Oníṣu. Ó béèrè bóyá ilẹ̀ wa ló dára tó bẹ́ẹ̀ àbí ọwọ́ àgbẹ̀ wa. Mo ní méjèèjì ni. Àmọ́ nígbà tí mo bi í bóyá ó mọ Kúnlé, ó ní ọdún tó kọjá ni òun kó dé. Mo bi àwọn yòókù. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Láàárín ọdún mẹ́ta péré, gbogbo ilẹ̀kùn ti pààrọ̀ èèyàn, àfi ti Bísí. Mo wá rí i pé èmi nìkan kọ́ ni àlejò nínú ọgbà náà. Gbogbo wọn ni àlejò, wọ́n kàn ti mọ́ ọn lára ni.

Kúnlé ló fi wíńdò pálọ̀ Bísí sí. Nígbà tí Bísí àti àwọn ọmọ jáde lọ ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà, mo mú téèpù mi jáde, mo sì wọn wíńdò náà láti igun dé igun, lẹ́ẹ̀mejì. Kò yẹ̀ rárá. Mo wà níbẹ̀, mo ń ṣí i, mo ń tì í, títí tí wọ́n fi dé.

Àwọn tí lándílọ́ọ̀dù kò lè lé

Àárọ̀ Sátidé ni a lọ. Èèyàn púpọ̀ ló ń lọ, wọ́n gbé kúlà àti ẹní, wọ́n mú àdá àti ọkọ́ dání. Àwọn aládùúrà kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa láìwọ bàtà, aṣọ funfun wọn mọ́ láì ní àbàwọ́n kan nínú gbogbo eruku náà. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹ̀rín ni àwọn èèyàn ń rín lọ sí ìtẹ́ òkú. Ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa inú ilé la ń sin àgbà sí, a ń jẹ, a ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kò sí pé a ń múra lọ kí wọn. Níbẹ̀, wọ́n kó àwọn tiwọn jọ sí ibì kan, wọ́n sì fún wọn ní ọjọ́ kan nínú ọdún.

Bàbá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ló ń tọ́jú ibẹ̀. Bàbá Ọgbà ni wọ́n ń pè é. Ọmọ ìbílẹ̀ ni, Yorùbá àwọn Àwórì ló ń sọ, mo sì ní láti súnmọ́ ọn kí n tó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó dúró níwájú wa, ó ní kí a má bẹ̀rù, pé ẹni jẹ́jẹ́ ni gbogbo wọn, pé àwọn nìkan ni lándílọ́ọ̀dù kò lè lé jáde ní gbogbo Alímọ̀ṣọ́.

Ó mú wa rìn. Ó fi ibojì àwọn ìbejì obìnrin méjì hàn wá, tí wọ́n ri àwo tánganran mọ́ sìmẹ́ńtì rẹ̀, àwo méjì tó bára dọ́gba. Ó fi áńgẹ́lì olókùúta kan hàn wá, tí kò ní ọwọ́ òsì. Ó ní orí ni àwọn ọkùnrin mẹ́jọ fi rù ú wá láti erékùṣù Èkó nígbà tí kò tíì sí ọ̀nà mọ́tò. Ọwọ́ náà ṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń la odò kọjá, àmọ́ wọn kò sọ ọ́ nù. Wọ́n gbé e wá, wọ́n sì sin ín mọ́ ẹni tó ni áńgẹ́lì náà. Ìbùkún bi í bóyá ẹni náà mọ̀ pé ọwọ́ áńgẹ́lì òun wà lọ́dọ̀ òun. Bàbá Ọgbà ronú sí i bí ìbéèrè àgbàlagbà, ó ní ó yẹ kó mọ̀, nítorí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti jọ wà níbẹ̀.

Àwọn ọmọ mi gbádùn ara wọn, kí n sọ òtítọ́. Wọ́n ń ka orúkọ, wọ́n ń fi ọwọ́ nu eruku. Mo ń tẹ̀ lé wọn, mo ń sọ pé kí wọ́n má gun ibojì tó ti sán, kí wọ́n ṣọ́ra fún ìgò tó fọ́. Ṣùgbọ́n ògiri ni mo ń wò. Ó ga jù mí lọ ní ẹsẹ̀ bàtà kan, ó sì ní gẹ́ètì onírin kékeré kan. Mo wo òkè rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, mo ń wá orí igi tó bá yọ láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ojú ọ̀run nìkan ni mo rí.

Ògiri

Nígbà tí a rìn yí apá àtijọ́ ká tán, Bàbá Ọgbà kọjú sí gẹ́ètì kékeré náà, ó ní ó ku apá tuntun. Àwọn èèyàn ń tẹ̀ lé e. Èmi dúró. Ó wo ẹ̀yìn, ó rí mi, ó ní kí n máa bọ̀. Ó bi mí pé ta ni mo ní níbẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ ló dáhùn. "Ẹ̀gbọ́n wa ni, bàbá."

Ó wo ọmọ náà, ó wò mí, ó sì ṣí fìlà rẹ̀. Ó di èjìká mi mú, ó sì yí mi padà jẹ́jẹ́, bí mo ṣe máa ń yí àga tí ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ, títí tí ẹ̀yìn mi fi kọ sí ògiri. Ó mú mi lọ jókòó sí orí ìjókòó sìmẹ́ńtì kan níwájú áńgẹ́lì, ó ní kí Bísí máa kó àwọn ọmọ lọ.

Mo ní kí Àbẹ̀kẹ́ di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú, kó má jù ú sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n má pẹ́. Wọ́n mú agbòòrùn búlúù lọ, wọ́n fi dúdú sílẹ̀ fún mi. Mo gbọ́ tí gẹ́ètì dún. Mo gbọ́ ohùn Ìbùkún, lẹ́yìn náà n kò gbọ́ ọ mọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti bí wọn, n kò tíì jẹ́ kí wọ́n lọ sí ibi tí n kò lè sáré dé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ení, èjì. Mo kà dé ọgọ́rùn-ún, mo tún bẹ̀rẹ̀. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló ní ẹni tí wọ́n wá wò. Èmi nìkan ni mo rìn láti Ṣakí wá kọ ẹ̀yìn sí ẹni tèmi.

Bàbá Ọgbà padà wá jókòó tì mí. Ó ti ní kí ẹlòmíràn máa mú àwọn yòókù kiri.

"Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń ro ibí," ó ní. "Kò sí koríko tí n kò mọ̀. Igun kan ló wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún tí n kò dé rí. Àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ló ń bá mi ro ó."

Mo bi í pé ọmọkùnrin ni àbí ọmọbìnrin.

"Obìnrin."

Mo bi í bóyá wọ́n ń ro ó dáadáa.

"Wọ́n ní àwọn ń ro ó dáadáa," ó ní.

Mo ti dẹ́kun kíkà. Nígbà tí gẹ́ètì tún dún, ó dìde, ó dé fìlà rẹ̀, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọmọ méjì. Ojú Ìbùkún pọ́n, kò sì wò mí. Àbẹ̀kẹ́ wá dúró níwájú mi bí ẹni tó fẹ́ ka àkọ́sórí.

"Òjìji wà níbẹ̀, Dádì," ó ní. "Ẹ sọ fún Mọ́mì pé òjìji wà níbẹ̀."

Ó yẹ kí n bi í pé igi wo. Èmi tí mo mọ igi bí mo ṣe mọ orúkọ yín, ó yẹ kí n bi í. Mo rántí ojú ọ̀run òfìfo tó wà lókè ògiri. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, mo kàn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Agbòòrùn kan

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí a ń padà lọ sílé Bísí. Oòrùn Èkó kò rí bíi tiwa. Tiwa ń jóni láti òkè, tiwọn ń ti ara ògiri àti ọ̀dà ojú títì wá pẹ̀lú. Ìbùkún ń rìn níwájú mi, ó fi ọwọ́ bo iwájú orí rẹ̀. Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà. Ọmọ méjì. Agbòòrùn kan.

Mo dúró. Mo béèrè pé níbo ni búlúù wà. Bísí ń wo ọ̀nà ibòmíràn. Inú bí mi ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ní ẹ wò ó, ohun tuntun tí ìyá wọn fi lé wọn lọ́wọ́, wọn kò lè tọ́jú rẹ̀ fún ọjọ́ kan. Mo ní kí wọ́n dúró de mi níbẹ̀, pé mo ń padà lọ mú un. Mo ti yíjú padà, mo ti ń lọ, mo sì ń yára.

Mo gbọ́ tí Àbẹ̀kẹ́ ń sáré lẹ́yìn mi. Ó di etí ẹ̀wù mi mú.

"Dádì, ẹ má padà lọ. Ẹ ò lè débẹ̀."

Mo ní kó jù mí sílẹ̀.

"A ò gbàgbé ẹ̀," ó ní. "A ṣí i sílẹ̀ ni. Kò sí igi kankan níbẹ̀, Dádì. Oòrùn ń pa á."

Mo dúró sí ojú títì níbẹ̀, àwọn èèyàn ń yà fún mi. Ohun tí mo rí sọ ni ohun tí gbẹ́nàgbẹ́nà máa ń sọ. Mo ní afẹ́fẹ́ á gbé e.

"Mo so ó mọ́ pátákó orúkọ ẹ̀. Kókó méjì ni mo ta."

Ìgbà náà ni mo rí i pé orí rẹ̀ ṣófo. Síkáàfù tó wé jáde nílé láàárọ̀ ló fi so ó. Ìbùkún ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ní Àbẹ̀kẹ́ fẹ́ ta kókó kan, òun ló ní Dádì á béèrè, kó ta méjì.

Mo ṣí agbòòrùn dúdú, mo sì gbé e lé àwọn méjèèjì lórí. Apá kan rẹ̀ dagun níbi tí wáyà wà, àmọ́ ó gbà wọ́n. Èmi rìn lẹ́yìn nínú oòrùn títí a fi délé.

Ìṣó méjì

Ìyá wọn ń dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí a dé Ṣakí. Ó di àwọn ọmọ mọ́ra, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, ó ń fi ọwọ́ yẹ apá àti orí wọn wò. Ó wo ẹrù. Òun náà ń kà, n kò mọ̀ bóyá ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́ ọ àbí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ.

Kò béèrè nǹkan kan títí a fi jẹun tán. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣé òjìji wà níbẹ̀?"

Mo ní ó wà.

"Igi wo ni?"

Mo ti ronú sí i láti Ìgándò. Mo lè sọ pé máńgòrò ni. Mo lè sọ pé dóńgóyárò ni, òun náà á sì mọ bí ewé rẹ̀ ṣe ń dún. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ń wò mí.

"Kì í ṣe igi," mo ní. "Agbòòrùn ni."

Àbẹ̀kẹ́ fẹ́ ṣàlàyé, mo fi ojú sọ fún un pé kó dákẹ́. Ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wa, ìṣó méjì ló wà tí mo kàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún agbòòrùn méjèèjì. Ìyá Kúnlé dìde, ó mú dúdú náà nínú ẹrù, ó ṣí i sáàárín ilé, ó sì fi ìka tọ ibi tí mo ti fi wáyà tún un ṣe, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé.

"Èyí tó dára lẹ fi sílẹ̀ fún un?"

"Èyí tó dára ni, Mọ́mì," ni Ìbùkún wí.

Ó pa á dé. Ó gbé e kọ́ sórí ìṣó tirẹ̀, ó sì fi ìṣó kejì sílẹ̀ lófìfo. Láti ìgbà náà, mo ti rí i tí aládùúgbò kan fẹ́ fi báàgì kọ́ síbẹ̀. Ìyá Kúnlé ní kó jọ̀ọ́ gbé e sílẹ̀, pé ìṣó náà ní nǹkan tó wà lórí rẹ̀.